Ẹ Kọ Ọ́ Sílẹ̀ Kí Iṣẹ́ Tó Bẹ̀rẹ̀: Àdéhùn Pẹ̀lú Agbaṣẹ́ṣe Pápá Tẹníìsì

 

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí lọ́kùnrin àti lóbìnrin, ẹ̀kọ́ wa ti oṣù yìí dá lórí ọ̀rọ̀ kan tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ gbé wá sọ́dọ̀ wa. Wọ́n ní ilẹ̀ lẹ́yìn ilé kéú wọn, wọ́n ń dá owó jọ, wọ́n sì fẹ́ gbé iṣẹ́ pápá tẹníìsì fún agbaṣẹ́ṣe kan, kí àwọn ọ̀dọ́ lè máa rí ibi ṣeré ìdárayá lẹ́yìn ìrun Alásárì. Ohun tí wọ́n bi wá ni pé: ṣé ó di dandan kí a kọ ìwé àdéhùn, nígbà tó jẹ́ pé arákùnrin wa nínú ẹ̀sìn ni agbaṣẹ́ṣe náà? Ṣé kò ní dà bí ẹni pé a kò fọkàn tán an?

Ìdáhùn wa ni pé kí ẹ kọ ọ́, ìbáà jẹ́ arákùnrin, ìbáà jẹ́ àjèjì. Àwa tilẹ̀ rí i pé ti arákùnrin ló yẹ ní kíkọ jù. Bí ìjà bá dé láàárín àwa àti àjèjì, owó nìkan ló máa ń bá a lọ. Bí ó bá dé láàárín àwọn tó jọ ń dúró ní sàfù kan náà, ẹnì kan yóò bẹ̀rẹ̀ sí í wá mọ́ṣáláṣí mìíràn.

Àáyà tó gùn jù nínú gbogbo Àlùkùránì Alápọ̀n-ọ́nlé ni àáyà 282 nínú Súrà Baqarah. Kì í ṣe lórí ìrun ló dá lé, kì í sì í ṣe lórí ààwẹ̀; lórí kíkọ gbèsè tó ní àkókò sílẹ̀ ni. Ọlọ́hun pa á láṣẹ níbẹ̀ pé kí akọ̀wé kọ ọ́ pẹ̀lú òdodo, kí ẹni tí gbèsè wà lọ́rùn rẹ̀ máa pe ọ̀rọ̀ náà fún un, kí a wá ẹlẹ́rìí, kí ó má sì rẹ̀ wá láti kọ ọ́, ìbáà kéré, ìbáà tóbi. Àwọn wo ni a kọ́kọ́ sọ èyí fún? Àwọn sàhábé Ànábì (S.A.W.) ni, ìran tí kò sí ìran mìíràn tó ṣeé fọkàn tán tó o. Bí a bá lè sọ fún àwọn yẹn pé kí wọ́n kọ ọ́, kí ló wá kù fún àwa? Òótọ́ ni pé ọ̀pọ̀ onímọ̀ ka àṣẹ náà sí ohun tó dára kí a ṣe, wọn kò kà á sí ọ̀ranyàn. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń sọ lónìí pé kò pọn dandan ni yóò máa wá ẹlẹ́rìí kiri lọ́la.

Àwọn kan lè máa rò ó bóyá eré yìí tilẹ̀ yẹ ọmọ Mùsùlùmí. Ànábì (S.A.W.) bá Ìyá wa Àíṣà sáré ìje, ó sì jẹ́ kí àwọn ará Hàbáṣà fi ọ̀kọ̀ ṣeré nínú mọ́ṣáláṣí rẹ̀ ní Mẹ̀dínà. Eré tí kò ní tẹ́tẹ́ nínú, tí kò tú ìhòòhò síta, tí kò sì gba àkókò ìrun mọ́ni lọ́wọ́, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀.

Owó tí a óò fi ṣe é ńkọ́? Owó sàká kò gbọdọ̀ wọ inú rẹ̀. Ìsọ̀rí ènìyàn mẹ́jọ tí Ọlọ́hun kà sílẹ̀ nínú Súrà Taobah, àáyà 60, ni sàká wà fún, pápá eré kò sí lára wọn. Bákan náà, owó tí ènìyàn bá dá fún òrùlé mọ́ṣáláṣí, òrùlé mọ́ṣáláṣí ni kí a fi ṣe. Ẹ dá owó tí gbogbo ènìyàn mọ̀ pé owó pápá ni.

Ó kan ẹni tí a óò gbé iṣẹ́ náà fún. Nínú Súrà Qasas, àáyà 26, ọmọbìnrin àgbàlagbà ará Madyan sọ fún bàbá rẹ̀ nípa Ànábì Mùsá pé ẹni tó dára jù láti gbà síṣẹ́ ni ẹni tó lágbára tó sì ṣeé fọkàn tán. Ohun méjì ló kà. Àwa tiwa, ọ̀kan la máa ń wò. Àwọn kan á ní, “Ó ń kírun lásìkò, irùngbọ̀n rẹ̀ gùn,” wọn kò ní béèrè bóyá ó ti ṣe pápá rí. Sunnah ni irùngbọ̀n, a kò sọ pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹ̀rí pé ènìyàn mọ bí a ti ń po kọnkéré. Àwọn mìíràn á wo iṣẹ́ ọwọ́ nìkan, wọn kò ní wádìí ohun tó fi owó àwọn tó gbé iṣẹ́ fún un tẹ́lẹ̀ ṣe. Ẹ ní kí ó mú yín lọ wo pápá tó ti ṣe. Kì í ṣe èyí tó ṣe lóṣù tó kọjá o, èyí tó ti rí òjò ọdún méjì tàbí mẹ́ta ni. Kí ẹ lọ síbẹ̀ lẹ́yìn òjò, kí ẹ sì bá àwọn tó ni ín sọ̀rọ̀ nígbà tí òun kò sí níbẹ̀.

Bí ẹni tó mọ iṣẹ́ náà jù kì í bá ṣe Mùsùlùmí, kò burú. Nígbà tí Ànábì (S.A.W.) àti Abúbákàrì ń ṣe hijira kúrò ní Mẹ́kà, ọkùnrin kan tó ṣì wà nínú ẹ̀sìn àwọn Kùráéṣì ni wọ́n gbà kí ó fi ọ̀nà hàn wọ́n, nítorí pé ó mọ ọ̀nà aṣálẹ̀ dunjú. Wọ́n fa ràkúnmí wọn méjì lé e lọ́wọ́, wọ́n sì dá ọjọ́ fún un: lẹ́yìn òru mẹ́ta, níbi ihò àpáta Thawr. Ẹ ṣàkíyèsí pé ẹ̀mí wọn wà nínú ewu lásìkò náà, síbẹ̀ wọ́n sọ ibi pàtó, wọ́n sì sọ ìgbà pàtó.

Ní báyìí, ẹ fara balẹ̀, nítorí àdéhùn méjì ló wà tí àwọn ènìyàn wa máa ń pè ní orúkọ kan. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀yin ni ẹ ó ra símẹ́ǹtì, yanrìn, òkúta àti irin, tí agbaṣẹ́ṣe kàn ń mú ọwọ́ àti ọgbọ́n wá, ijaara ni, ìyẹn sísan owó iṣẹ́. Bí ó bá jẹ́ pé òun ni yóò mú ohun gbogbo wá, tí yóò sì fa pápá tó ti parí lé yín lọ́wọ́ ní iye owó kan, istisnaa ni, ìyẹn kí a ní kí ènìyàn bá wa ṣe ohun tí kò tíì sí. Ànábì (S.A.W.) fúnra rẹ̀ ránṣẹ́ sí obìnrin Ansari kan pé kí ó ní kí ọmọ ọ̀dọ̀ rẹ̀ tó jẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà bá òun ṣe mímbárì. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín méjèèjì kì í ṣe ti orúkọ lásán. Bí òjò bá rọ̀ tí símẹ́ǹtì dì nínú àpò, nínú ijaara, ẹ̀yin lẹ ni òfò náà, àyàfi bí àìbìkítà agbaṣẹ́ṣe bá fà á. Nínú istisnaa, òun ló ni ín. Ẹ kọ èyí tí ẹ ń ṣe nínú méjèèjì.

Ẹni tó bá ti ka Risaalah Ibn Abi Zayd nílé kéú yóò rántí pé nínú salam, a gbọ́dọ̀ san owó ṣíwájú, tí ó bá pẹ́ jù, ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta. Abẹ́ salam ni àwọn onímọ̀ ọ̀nà Màlíkì, tí àwa ń tọ̀ nílẹ̀ yìí, máa ń fi irú iṣẹ́ báyìí sí. Ta wá ni yóò san gbogbo owó pápá fún ẹni tí kò tíì gbẹ́ ilẹ̀? Àwọn Hánáfì ló gba istisnaa gẹ́gẹ́ bí àdéhùn tó dá dúró. Ní 1992, ìgbìmọ̀ àwọn onímọ̀ fíkìhì lágbàáyé, èyí tó wà lábẹ́ àjọ àwọn orílẹ̀-èdè Mùsùlùmí, jókòó ní Jídà, wọ́n sì pinnu pé istisnaa de ẹni méjèèjì, a sì lè san owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ tàbí kí a sún un síwájú, níwọ̀n ìgbà tí a bá ti sọ irú ohun tí a fẹ́, iye rẹ̀, bí yóò ti rí, àti ìgbà tí yóò parí. Orí ìpinnu yìí ni ìmọ̀ràn wa dúró lé.

Bí yóò ti rí: ibẹ̀ gan-an ni ìjà ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Láti ìlà dé ìlà, pápá tẹníìsì jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 78 ní gígùn àti 36 ní fífẹ̀ nígbà tí ẹni méjì bá ń dojú kọ ẹni méjì; bí ó bá jẹ́ ẹnì kan sí ẹnì kan, fífẹ̀ rẹ̀ á jẹ́ 27. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń gbá bọ́ọ̀lù kì í dúró lórí ìlà. Yóò sá sẹ́yìn, yóò sá sẹ́gbẹ̀ẹ́. Nítorí náà, gbogbo ilẹ̀ tí a máa ń tẹ́ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 120 ní gígùn àti 60 ní fífẹ̀. Ẹ fi gígùn lọ́po fífẹ̀: ti àkọ́kọ́ á fún yín ní 2,808, ti èkejì á fún yín ní 7,200, ó ju ìlọ́po méjì àbọ̀ lọ. Agbaṣẹ́ṣe tó bá dá owó lé “pápá tẹníìsì kan” lè ní ti àkọ́kọ́ lọ́kàn, kí ẹ̀yin ní ti èkejì lọ́kàn. Ẹ ó jọ bọwọ́, ẹ ó jọ ṣe àdúà, kò sì ní sí òpùrọ́ kankan láàárín yín. Irú àìmọ̀ báyìí ni àwọn onímọ̀ ń pè ní gharar, Ànábì (S.A.W.) sì kọ̀ ọ́ nínú òwò.

Ẹ kọ ibi tí pápá yóò kọjú sí. Gígùn rẹ̀ ní láti lọ láti àríwá sí gúúsù, kí oòrùn ìrọ̀lẹ́ má baà wọ ẹni tó ń ṣeré lójú. Bíríkìlà tó ti mọ mọ́ṣáláṣí púpọ̀ lè fẹ́ fi pápá ṣe déédéé pẹ̀lú ògiri mọ́ṣáláṣí, nítorí pé ó dára lójú. Ẹ má gbà fún un. Láti ilẹ̀ Yorùbá, Kíbílà wà láàárín àríwá àti ìlà-oòrùn, ó sì sún mọ́ ìlà-oòrùn jù. Bí pápá bá kọjú síbẹ̀, ẹni tó bá wà ní ìhà kejì yóò máa wo oòrùn ní gbogbo ìrọ̀lẹ́. Ẹ kọ bí ilẹ̀ yóò ti dagẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú: kí ó máa wálẹ̀ ní ínǹṣì 1 nínú ínǹṣì 100, láti ẹ̀gbẹ́ kan sí ẹ̀gbẹ́ kejì, kí omi lè ṣàn lọ sínú gọ́tà. Lórí ẹsẹ̀ bàtà 60, ìyẹn á tó ínǹṣì 7. Kí ó má ṣe dagẹ̀rẹ̀ sí ìdí àwọ̀n láti ọ̀tún àti òsì, àárín ni omi yóò kó jọ sí. Ní ti àwọ̀n fúnra rẹ̀, ẹsẹ̀ bàtà 3 ni gíga rẹ̀ láàárín, 3 àbọ̀ ni lẹ́bàá òpó.

Gbogbo èyí ni ojú lè rí. Ohun tí ojú kò lè rí ló ń gbé owó ẹgbẹ́ lọ. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Erùpẹ̀ dúdú tó wà lókè gbọ́dọ̀ kúrò tòun ti gbòǹgbò. Kí a da ilẹ̀ pupa sí i ní ìpele-ìpele, kí a fi ẹ̀rọ tẹ ìpele kan kí ó le kí a tó da òmíràn lé e. Kí òkúta wá tẹ̀lé e, kí kọnkéré tó dé. Nígbà tí kọnkéré bá ti bò wọ́n, Ọlọ́hun àti ẹni tó ṣiṣẹ́ náà nìkan ló mọ ohun tó wà nísàlẹ̀. Bí ó bá fo ìpele kan, pápá náà yóò dán lọ́jọ́ ìṣílé, ìmáàmù yóò ṣe àdúà sí i, ó di òjò ọdún kejì kí ó tó là. Nítorí náà, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé pé a kò gbọdọ̀ bo ìpele kankan kí ẹni tí ẹgbẹ́ yàn tó wá wò ó, kí ó sì fọwọ́ sí i. Kí ẹni náà jẹ́ ẹni tó mọ iṣẹ́, bí a tilẹ̀ máa san owó fún un. Ẹ wo Súrà Kahf láti àáyà 94: nígbà tí àwọn ènìyàn wá bá Dhul-Qarnayn pé kí ó bá wọn mọ odi, kí àwọn sì san owó, ó kọ owó náà, ṣùgbọ́n ó sọ ohun tí wọn yóò gbé wá fún un àti bí iṣẹ́ yóò ti tẹ̀ léra: ègé irin ṣíwájú, lẹ́yìn náà iná, lẹ́yìn náà ni bàbà yíyọ́. Kò sí ìpele tí a fò.

Ẹ má gbàgbé omi. A gbọ́dọ̀ máa bu omi rin kọnkéré fún ó kéré tán ọjọ́ 7 lẹ́yìn tí a bá dà á, bí a bá sì fẹ́ kun ún ní ọ̀dà, kí a dúró di ọjọ́ 28. Ẹ̀ẹ̀rùn ni iṣẹ́ yìí rọrùn jù, lẹ́yìn tí òjò bá ti dáwọ́ dúró ní nǹkan bí oṣù Kẹwàá, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀rùn kan náà ni kànga máa ń gbẹ. Ta ni yóò ra omi? Bí ìwé kò bá sọ ọ́, agbaṣẹ́ṣe yóò máa wo ojú yín, ẹ̀yin náà yóò máa wo ojú rẹ̀, kọnkéré yóò sì máa gbẹ kí ó tó gbó.

Ó wá ku owó sísan. Ẹ pín in sí ọ̀nà bí iṣẹ́ ti ń lọ, kì í ṣe bí oṣù ti ń lọ: díẹ̀ kí ó fi bẹ̀rẹ̀, díẹ̀ nígbà tí ìpìlẹ̀ bá ti dúró tí a sì ti wò ó, díẹ̀ nígbà tí kọnkéré bá parí. Lọ́jọ́ tó bá fẹ́ fà á lé yín lọ́wọ́, ẹ da omi sí gbogbo rẹ̀. Lẹ́yìn wákàtí kan, ibi tí omi bá ṣì dúró sí tó lè bo owó onírin mọ́lẹ̀, kí ó tún un ṣe. Ẹ lè dá ìdá kan nínú mẹ́wàá owó náà dúró títí òjò ọdún kan yóò fi kọjá lórí pápá, bí àwọn méjèèjì bá ti fẹnu kò sí i láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹgbẹ́ tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ronú kan èyí lẹ́yìn tí iṣẹ́ ti parí, tí ó wá di owó olówó mú, àbòsí ló ń ṣe.

Bí ó bá pẹ́ ju ọjọ́ tó dá lọ ńkọ́? Ìpinnu 1992 yẹn gbà pé a lè kọ iye tí yóò já kúrò nínú owó rẹ̀ fún ìdádúró, àyàfi bí ohun tó ju agbára rẹ̀ lọ bá dí i lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí dáadáa, nítorí ọ̀pọ̀ ló ń ṣì í ṣe. Ní 2000, ìgbìmọ̀ kan náà jókòó ní Ríyáàdì, wọ́n sì sọ pé irú ìjìyà bẹ́ẹ̀ kò lè wọ inú ohun tó jẹ́ gbèsè owó. Bí ẹ̀yin bá pẹ́ kí ẹ tó san owó rẹ̀, kò lè bu owó lé e. Èlé ni. Bí ẹ bá rí irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ nínú ìwé àdéhùn tí a ti tẹ̀ sílẹ̀, ẹ fi bírò fà á kúrò kí ẹ tó fọwọ́ sí i. Èyí kò wá fún yín láyè láti máa fi owó rẹ̀ falẹ̀ o. Àbòsí ni kí ẹni tó lówó máa sún gbèsè síwájú, ẹni tó bá sì gba iṣẹ́ pé lọ́wọ́ alágbàṣe tí kò san owó rẹ̀ wà lára àwọn mẹ́ta tí Ọlọ́hun fúnra Rẹ̀ yóò bá ṣe ẹjọ́ lọ́jọ́ Àlùkìyáámọ̀, gẹ́gẹ́ bí hadíìsì Bùkhárì ti fi yé wa. Àwọn lébìrà tí agbaṣẹ́ṣe kó wá wà nínú èyí. Ẹ kọ ọ́ pé òun ni yóò san owó wọn, kí ẹ sì béèrè lọ́wọ́ wọn bóyá ó ń san án.

Nínú istisnaa, bí símẹ́ǹtì bá gbówó lórí díẹ̀, agbaṣẹ́ṣe ni yóò fara dà á, nítorí òun náà ni yóò jèrè bí ó bá wálẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí ojú wa rí ní 2023 kì í ṣe díẹ̀. Ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù Karùn-ún, náírà já wálẹ̀ ní oṣù Kẹfà, iye tí ènìyàn fi gba iṣẹ́ ní oṣù Kẹrin kò sì lè parí rẹ̀ mọ́. Ìgbìmọ̀ fíkìhì ti Rábítà ní Mẹ́kà ti sọ ọ̀rọ̀ lórí irú èyí ní 1982: bí nǹkan bá yí padà lọ́nà tí ẹnikẹ́ni kò retí, tí òfò ńlá sì fẹ́ já lu ẹnì kan ṣoṣo, adájọ́ lè tún iye náà ṣe kí òfò náà lè pín. Ẹ kọ orúkọ àgbààgbà méjì tàbí mẹ́ta tí ẹ óò gbé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lọ bá sínú ìwé, kí ọ̀ràn tó ṣẹlẹ̀.

A gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀ owó ẹ̀yìn, bó tilẹ̀ korò. Ẹni tí ẹgbẹ́ rán pé kí ó wá agbaṣẹ́ṣe, tí agbaṣẹ́ṣe sì fún ní “ohun tí ẹ ó fi mu omi,” owó ẹgbẹ́ ló gbà. Ànábì (S.A.W.) rán ọkùnrin kan lọ gba sàká, nígbà tó dé, ó ní èyí jẹ́ tiyín, wọ́n fi èyí ta òun lọ́rẹ. Ànábì bínú, ó gun mímbárì, ó sì béèrè bóyá ẹni bẹ́ẹ̀ ìbá rí ẹ̀bùn gbà ká ní ó jókòó sílé bàbá àti ìyá rẹ̀. Agbaṣẹ́ṣe kì í mú owó bẹ́ẹ̀ láti àpò ara rẹ̀. Yóò yọ ọ́ nínú òkúta, yóò yọ ọ́ nínú símẹ́ǹtì.

Àwọn arábìnrin wa dá owó sí pápá yìí, àwọn náà yóò sì ṣeré níbẹ̀. Nítorí náà, kí ẹ pinnu ọ̀rọ̀ ọgbà rẹ̀ kí ẹ tó pe agbaṣẹ́ṣe. Ọgbà onírin oníhò tí wọ́n máa ń ṣe yí pápá ká, gbogbo ẹni tó ń kọjá lójú títì ló ń rí inú rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ ògiri búlọ́ọ̀kù tó ga ju orí ènìyàn lọ ní ìhà títì, ẹ kọ gíga rẹ̀ àti gígùn rẹ̀, kí ẹ kọ ibi tí ẹnu ọ̀nà yóò wà, kí ó má ṣe kọjú sí títì. Agbaṣẹ́ṣe tó gba iṣẹ́ ọgbà onírin kò jẹ yín ní ògiri. Bí ẹ bá béèrè rẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ ti fọwọ́ sí ìwé, iṣẹ́ tuntun ni, owó tuntun ni, ìwé tuntun ni.